Ìdá Ìsàlẹ̀ Òkè Ìrì

“Lọ́jọ́ tí gbogbo ilé orí òkè kan bá dọ́gba, kò ní sí ìdá ìsàlẹ̀ mọ́ lórí òkè náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Orúkọ mi ni mo fi dúró.”
Alákòóso Àgbà Adégòróyè, níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀rọ adíwọ̀n Òkè Ìrì, oṣù kìíní ọdún 2115

Ìyá Àgbà ni ó kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Baálẹ̀ Ọ̀ṣúnwálé ló bá a gbé e ní tòótọ́. Òun kàn fi ọwọ́ méjèèjì lé ìdérí rẹ̀ bí ẹni ń súre fún ọmọ. Ẹ̀rọ adíwọ̀n kùn díẹ̀, iná aláwọ̀ ewé tàn, nọ́ńbà sì yọ lójú rẹ̀: mọ́kànlélógójì.

“Ṣé ó pé?” Ìyá Àgbà bi mí.

“Ó pé, Ìyá.”

“Ṣé kí a tún un gbé, ká wò ó?”

“Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ẹ̀rọ yìí kì í gbàgbé.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lára rẹ̀ gan-an nìyẹn,” ó ní. Ó so ìborùn rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó sì lọ jókòó sórí àpótí tí wọ́n ti gbé sílẹ̀ dè é.

Aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Kùrukùru ṣì rọ̀ mọ́ àwọn àwọ̀n tí a ta láti ẹsẹ̀ òkè dé ṣóńṣó rẹ̀, omi sì ń kán lára wọn sínú ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé e lọ sílé kálukú. Ohun tí a ń mu nìyẹn. Odò ti gbẹ kí wọ́n tó bí mi, òjò sì ti di ohun tí àwọn àgbà ń sọ bí ìtàn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé omi tí àwọ̀n rẹ̀ mú lóru ọjọ́ kan wá síwájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì sọ àwọn tí yóò sọ̀ kalẹ̀.

Èmi Abọ́sẹ̀dé ni akọ̀wé òkè náà. Òfin Ìdíwọ̀n sọ pé ẹni tó bá kàwé nípa ìṣirò ni kí òkè kọ̀ọ̀kan fi ṣe akọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni má baà wí lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ohun tí òun fọwọ́ sí. Mo kàwé nípa ìṣirò. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kà á, mo sì ṣe ipò kìíní. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n fún mi ní ilé tèmi, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kẹ́yìn lórí òkè, àti tábìlì onírin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀ jókòó sí òdìkejì tábìlì. Òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Ìdíwọ̀n ni, ẹni bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tó wọ ẹ̀wù amúnitutù tí wọ́n fi ń la ooru pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀ nígbà tí àwa yòókù ń gbọ̀n.

“Ẹ̀yin ará ibí mà mọ bí wọ́n ṣe ń tò,” ó ní. “Òkè tí mo lọ lánàá, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.”

“Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.”

Ó wo ìlà àwọn ènìyàn tó gùn lẹ́yìn mi. Ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì pa á dé. Mo rí i. N kò bi í.

Baálẹ̀ ló to ìlà náà. Àwọn àgbà ló kọ́kọ́ wà níwájú, ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Adéṣẹwà tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ ló tẹ̀ lé wọn. Ìyá Táyélolú tó ń fún ìbejì olóṣù méjì lọ́mú wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tọkọtaya, lẹ́yìn wọn sì ni àwa ọ̀dọ́ tó ń dá gbé. Ẹnikẹ́ni kò bá Baálẹ̀ jiyàn. Bí a ṣe ń ṣe nídìí oúnjẹ nìyẹn, bí a sì ṣe ń ṣe níbi gbogbo tí ènìyàn bá ti ń dúró de nǹkan. Ta ni yóò jẹ́ kí ìyá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún dúró sẹ́yìn òun?

Kẹ́ẹ̀gì kejì: mọ́kànlélógójì. Ìkẹta: mọ́kànlélógójì. Nígbà tí ó di ìkẹwàá, Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀ fi gègé rẹ̀ sílẹ̀.

“Akọ̀wé,” ó ní, “kí ni ẹ ṣe?”

“A ṣe àáró,” mo dá a lóhùn.

Èmi ni mo dá a lábàá. Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe dá a lábàá, nítorí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn pín nínú rẹ̀.

Nígbà tí òfin yìí bẹ̀rẹ̀, igba ilé ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni ó wà lórí Òkè Ìrì. Lọ́dún àkọ́kọ́, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún kejì, méjìdínláàádọ́ta. Lọ́dún kẹta, mẹ́rìndínlógójì. Ó ku mẹ́jọ lé lọ́gọ́rùn-ún. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lọ, níbi tí ènìyàn kì í ti í jáde láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí irin ilẹ̀kùn sì máa ń bó ọwọ́ ẹni tó bá gbàgbé. Rédíò kan wà nílé Baálẹ̀ tí a fi ń pè wọ́n. Nínú ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó kọ́kọ́ lọ, mọ́kànlá ló ṣì ń dáhùn.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ, Alákòóso Àgbà á sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ó ní ìpíndọ́gba omi wa ti kúrò ní méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ti di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó tún ti di méjìdínlógójì, ó sì kí wa kú iṣẹ́. Àwọn àwọ̀n wa kò mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá kó àwọn ènìyàn kúkúrú jáde kúrò nínú yàrá kan, ìpíndọ́gba gíga àwọn tó kù yóò lọ sókè, kò sì ní sí ẹnì kan nínú wọn tó ga ju bó ṣe ga lánàá lọ. Ọmọ ọlọ́dún kìíní ní yunifásítì mọ èyí. Alákòóso Àgbà ní olùdámọ̀ràn mọ́kànlá nípa ìṣirò.

Kùrukùru kì í sì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Ìlà-oòrùn òkè ló ń kọ́kọ́ fẹ́ dé. Lóṣù tó kọjá, a wọn ti ara wa fúnra wa: àwọ̀n Baálẹ̀, tó wà ní ìlà-oòrùn, mú lítà mẹ́rìndínláàádọ́rin lóru kan, ti Ìyá Àgbà, ní ìwọ̀-oòrùn, mú mọ́kàndínlógún. Ọ̀lẹ kọ́ ni Ìyá Àgbà. Òun ló kọ́ ìdajì àwọn tó wà lórí òkè bí wọ́n ṣe ń hun àwọ̀n.

Mo pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá Baálẹ̀, mo sì fi ẹfun ya ìlà gígùn kan sára ògiri.

“Ẹ jẹ́ ká to gbogbo wa,” mo ní, “láti orí ẹni tí omi rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ wá pín ìlà náà sí ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba. Ibi tí ọ̀nà àkọ́kọ́ parí sí, ibẹ̀ ni àlà wà. Àwọn tí omi wọn kò tó àlà ni wọ́n ń kó lọ.”

“A mọ ìyẹn,” ni Baálẹ̀ wí. “Ilé ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀ lọ́dún kejì.”

“Àlàfo tó wà láàárín yín àti Ìyá Àgbà jẹ́ lítà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Bí a bá da gbogbo omi pọ̀ sínú táǹkì kan, tí a sì pín in, tí gbogbo wa gbé iye kan náà wá, àlàfo yóò di òdo. Àlà náà yóò jẹ́ iye tí kálukú wa gbé dání. Ta ni omi rẹ̀ kò ní tó o?”

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ tán.

“Kò sí,” ó ní.

“Ohun tí Alákòóso Àgbà fúnra rẹ̀ sì sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí gbogbo ilé bá dọ́gba.”

Baálẹ̀ fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ ìwé. Ọdún mẹ́rin ni ẹ fi kọ́ bí ẹ ó ṣe gba omi mi.”

“Lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni, Baálẹ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ẹ ti ń fi ju bẹ́ẹ̀ lọ wẹ ẹsẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló parí ìpàdé.

Ní òru ọjọ́ tó ṣáájú ìdíwọ̀n, gbogbo ọ̀pá rọ́bà ń sun sínú táǹkì kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lítà ẹgbàajì ó lé òjìlélírinwó ló wà nínú rẹ̀. Mo pín in fún ilé mẹ́jọ lé lọ́gọ́rùn-ún, ó kan ilé kọ̀ọ̀kan ní mọ́kànlélógójì, méjìlá sì ṣẹ́ kù. A fi méjìlá náà fún àwọn àgbà àti aboyún mu, nítorí wọn yóò dúró pẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì tèmi ló kẹ́yìn, nítorí akọ̀wé kì í kúrò nídìí tábìlì lọ wọn tirẹ̀ kí ti àwọn yòókù tó tán. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mọ́kànlélógójì.

Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó sì tún mọ́lẹ̀. Gbogbo òkè ń wò ó. Mo kà á sókè, nítorí iṣẹ́ mi ni láti kà á sókè.

“Ìpíndọ́gba: mọ́kànlélógójì. Àlà ìdá ìsàlẹ̀: mọ́kànlélógójì. Àárín gbùngbùn: mọ́kànlélógójì. Àlà ìdá òkè: mọ́kànlélógójì. Àlàfo láàárín ẹni tó kéré jù àti ẹni tó pọ̀ jù: òdo.”

Ìyá Táyélolú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó ń sunkún láìfọhùn. Baálẹ̀ ṣí fìlà, ó sì fi nu ojú. Mo rántí pé mo rò nínú ara mi pé n kò tí ì rí nọ́ńbà tó lẹ́wà tó òdo yẹn.

Ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé.

Ìwé tín-ín-rín ni, tó ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Mo rò pé ìwé ẹ̀rí ni. Mo fà á, mo sì ka orúkọ àkọ́kọ́: orúkọ Ìyá Àgbà, ìyá ìyá mi. Mo ka ìkejì. Mo ka gbogbo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà láti òkè. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Adéṣẹwà ló kẹ́yìn. Lókè ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Àwọn ilé ìdá ìsàlẹ̀.

Mo gbé ìwé náà síwájú Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀.

“Ẹ̀rọ yín ti ṣìṣe, sà.”

“Kò ṣìṣe.” Kò wo ìwé náà. “Mo ń retí rẹ̀ láti orí kẹ́ẹ̀gì kẹwàá.”

“Gbogbo wa gbé mọ́kànlélógójì. Àlà jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ẹ fi ẹnì kan hàn mí tí omi rẹ̀ kò tó àlà.”

“Níbo lo ti kà á pé ẹni tí omi rẹ̀ kò tó àlà?” Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí olùkọ́ tó ti rẹ̀. “Òfin sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ilé, láti ìsàlẹ̀. Àlà wà lójú ẹ̀rọ fún àwa tó ń wò ó. Ẹ̀rọ kì í lò ó. Iye ilé ló ń kà. Ó to yín láti orí ẹni tí omi rẹ̀ kéré jù, ó ka mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó dúró.”

“Ta ni ó kéré jù láàárín àwọn tó dọ́gba?”

“Bí àwọn kan bá dọ́gba, ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló wà nísàlẹ̀.”

Mo yíjú wo àwọn àgbà. Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn bí Baálẹ̀ ṣe tò wọ́n, Ìyá Àgbà níwájú, ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì sí mi pé kí n wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìtẹríba tí wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré, òun ni ẹ̀rọ fi yàn wọ́n.

“Bí gbogbo wa bá gbé ẹgbẹ̀rún lítà wá ńkọ́?” mo ní.

“Ìdá ìsàlẹ̀ á wà.”

“Títí dìgbà wo?”

“Títí ilé tó kù kò fi ní pé mẹ́rin mọ́.”

“Alákòóso Àgbà sọ pé bí a bá dọ́gba—”

“Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Èmi ni mo di ẹ̀rọ yìí mọ́lẹ̀.” Ó tẹ nǹkan kan lára ẹ̀wù rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì dákẹ́. “Òkè kan ní gúúsù ti ṣe ohun tí ẹ ṣe yìí lọ́dún tó kọjá. Wọ́n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà dé orí tábìlì mi, mo sì gbé e lọ sókè. Èsì tó wá ni pé kí ẹ̀rọ máa kà. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ láti gba ìlérí ẹnikẹ́ni rò.”

Mo ti ka òfin náà. N kò lè sọ pé n kò kà á. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni, mo sì mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ìlérí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó ka òfin, mo sì ka òfin bí ẹni tó ti gbọ́ ìlérí. Níbi tí wọ́n kọ iye ilé sí, àlà ni mo rí. Èmi tí mo ṣe ipò kìíní nìyẹn.

“Bí n kò bá tẹ àtàǹpàkò mi sí i ńkọ́?”

“O mọ̀ ọ́n.”

Mo mọ̀ ọ́n. Òkè tí akọ̀wé rẹ̀ bá kọ̀, òdo ni wọ́n ń kọ sí gbogbo ilé rẹ̀, gbogbo ilé rẹ̀ ni ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wà ní ojú ìwé kẹsàn-án.

Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Gbọ́ mi. Òfin gba àtúnwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún òkè kan, kí aago méjìlá tó lù. Nítorí omi tó máa ń dà nù ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ìyá ìyá rẹ ló wà lórí ìwé yẹn, àbí? Bu lítà kan nínú tìrẹ sínú tirẹ̀, kí o tún tirẹ̀ wọ̀n. Yóò di méjìlélógójì. Yóò kúrò nísàlẹ̀, yóò bọ́ sókè pátápátá. Tìrẹ ti wọlé ná, ẹ̀rọ kò ní tún un wò.”

“Ta ni yóò wá di ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n?”

“Ẹni tó tẹ̀ lé e.”

N kò nílò ìwé láti mọ ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó ṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ kan lọ́mú, ọmọ kan lórí itan.

Mo pe Baálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo ìlà àwọn àgbà, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ìlà náà.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣíwájú,” ó ní.

“Èmi ni mo ní kí a dọ́gba, Baálẹ̀.”

“Ká ní ẹ̀yìn ni mo tò wọ́n sí.”

“Ẹlòmíràn ni ìbá wà nísàlẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà ni ìbá jẹ́.”

Ó jókòó sórí òkúta. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí nígbà tí òjìji Ìyá Àgbà ṣíji bò wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fọwọ́ pè mí.

“Ẹ̀yin méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́,” ó ní. “Orúkọ ta ló wà lórí ìwé?”

Mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé orí tirẹ̀, ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n pè ní kíláàsì. Nígbà tí mo dé orí Adéṣẹwà, ó dá mi dúró.

“Oyún oṣù mẹ́jọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ àtúnwọ̀n fún un, pé lítà kan lè gbé e kúrò nísàlẹ̀. N kò sọ ohun tó kù. Ó dúró dè mí títí mo fi sọ pé ẹlòmíràn yóò bọ́ síbẹ̀.

“Ta ni yóò wá bọ́ sí ipò mi, Àbẹ̀kẹ́?” Oríkì mi ló fi pè mí.

“Ìyá Táyélolú.”

Ó rẹ́rìn-ín. “O fẹ́ kí n du omi mọ́ ọmọ ọmú lọ́wọ́. Ní ọjọ́ orí mi yìí. Kí ni n ó fi ṣe, kí n fi gbin ata?” Ó padà lọ síbi tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà, ó jókòó lé e lórí, ó sì tẹ́ ìró rẹ̀ bo ìdérí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Oòrùn ti jẹ kùrukùru tán lára àwọn àwọ̀n. Mo padà sídìí tábìlì, mo sì ṣe ìṣirò tí ó kù. Kò gùn. Àtúnwọ̀n kan péré. Bí ilé kan bá gòkè, ilé kejìdínlọ́gbọ̀n bọ́ sísàlẹ̀. Bí ilé kan láti òkè bá wálẹ̀, ilé kẹtàdínlọ́gbọ̀n bọ́ sókè. Iye àwọn tí yóò lọ kò yí padà lọ́nà méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi láti yí padà ni orúkọ kan.

Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì mi.

“Akọ̀wé,” ni Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀ wí.

Mo bu lítà kan, mo sì dà á sílẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí omi náà kò fi ṣàn. Ó wọlẹ̀ níbi tó kàn. Ní Òkè Ìrì, ọmọdé tó bá da ife omi kan nù, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sórí ẹ̀rọ.

Ogójì.

Ẹ̀rọ tẹ ìwé mìíràn. Orúkọ mi ló ṣíwájú. Orúkọ Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e. Orúkọ Adéṣẹwà kò sí níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ti dìde. Ó rìn wá sídìí tábìlì, kíákíá ju bí ó ti ń rìn láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn lọ. Mo rò pé yóò gbá mi létí.

“Ta ló rán ọ?” ó ní.

“Kò sẹ́ni tó rán mi, Ìyá.”

“Ilé tí wọ́n fún ọ. Ìwé tí o kà.”

“Ta ni yóò máa bá yín gbé kẹ́ẹ̀gì nísàlẹ̀?”

Ó wo ibi tí omi náà ti wọlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan àmì tútù tó kù níbẹ̀, ó sì fi ìka náà kan ètè rẹ̀.

“Oníwàhálà ọmọ,” ó ní. Ó di ọwọ́ òsì mi mú, nítorí ọ̀tún ni mo nílò.

Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀ yí ojú ẹ̀rọ sí mi kí n kà á kí n tó fọwọ́ sí i. Ìpíndọ́gba ṣì jẹ́ mọ́kànlélógójì, nítorí ẹ̀rọ kì í fi ìdá hàn, ohun tí lítà kan dín nínú rẹ̀ kò sì tó ohun tó lè rí. Àlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí padà. Àlàfo nìkan ló ti kúrò ní òdo, ó di ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn ni èmi.

“Mo lè kọ àlàyé kan sínú ìròyìn mi,” ó ní. Kò wo ojú mi. “Pé lákọ̀ọ́kọ́ ẹ dọ́gba.”

“Ẹ kọ ọ́, sà. Ẹ kọ àkókò rẹ̀ pẹ̀lú.”

Ó kọ ọ́. Mo dúró títí ó fi kọ ọ́ tán, mo kà á, mo ní kí ó ṣàtúnṣe ìṣẹ́jú kan tí ó kọ ní àṣìkọ, ó sì ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ àtàǹpàkò mi síbi tí iná ti ń tàn.

Ìròyìn náà rèé, bó ṣe wà nínú ìwé Iléeṣẹ́ Ìdíwọ̀n.

Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbogbo ilé orí Òkè Ìrì dọ́gba.

Ní aago méjìlá, ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sọ̀ kalẹ̀.